Má Rò Ó

Ìyá mi kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣọ̀wọ́n. Bí iná bá dé nígbà tí wọ́n ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́, wọ́n á ní àánú Ọlọ́hun ni. Bí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ bá ku àyè ẹnì kan péré nígbà tí wọ́n dé gáréèjì, àánú Ọlọ́hun ni. Bí ata tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí kò bá ta jù, àánú Ọlọ́hun náà ni. Èmi ọmọ wọn, tí mo ń kọ́ni ní èdè Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Odogbolu, inú máa ń bí mi sí i. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ńlá ni àánú, ó yẹ ká tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ńlá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Màmá, ata ni o. Ata lásán."

Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́, Tíṣà? Ṣé ùwẹ kọ́ ni ata máa ń há lọ́fun ni?"

Tíṣà ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé iṣẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń yìn mí o, yẹ̀yẹ́ ni. Láti kékeré ni mo ti máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ wọn lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní "ùwẹ", bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń pe "ìwọ", màá ní, "Ìwọ, Màmá." Bí wọ́n bá ní "dede", màá ní, "Gbogbo." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní yí i padà. Oníṣòwò aṣọ ni wọ́n, Alhaja ni wọ́n, ilé kéwú nìkan ni wọ́n lọ. Èmi bá ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń pe Ọlọ́hun, mo ń pe Ọlọ́run; lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, bó sì ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde náà nìyẹn. A ò jà lórí ẹ̀ rí.

Ìkọ́kọrẹ́ la jà lé lórí. Ẹni tí kì í ṣe ara wa lè má mọ̀ ọ́n. Ewùrà ni a máa ń rin, tí a ó máa fi ọwọ́ gé e ní kókó kókó sínú ata tó ń hó, pẹ̀lú epo àti ẹja. Ìyá mi gbà pé kò sí ọ̀ràn ilé ayé tí ìkọ́kọrẹ́ kò lè bá èèyàn dá sí. Ọmọ tó yege nínú ìdánwò, ìkọ́kọrẹ́. Ọmọ tí kò yege, ìkọ́kọrẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n pè mí. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kún orí tábìlì mi, mo ń máàkì, ọ̀rọ̀ táwọn ọmọ náà kọ sì ti sú mi. Ìyá mi ní, "Tíṣà, ewùrà tuntun ti dé. Mo ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ́la. Dede ilé ló ń bọ̀ wá jẹ, ó ku ùwẹ."

Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ò ní nǹkan míì tẹ́ ẹ lè fi pe èèyàn ju oúnjẹ lọ ni? Mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí torí ìkọ́kọrẹ́ mọ́."

Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n sì pa fóònù.

Ẹni tó bá gbé ẹ̀wà kaná ní Odogbolu lè lọ kí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó sì padà wá bá a kó tó jinná. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe pé ọ̀nà jìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, pẹ̀lú páànù oníhò tí wọ́n fi ń rin ewùrà lọ́wọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ohùn lọ pátápátá. Nígbà tí mo dé ọsibítù, wọ́n mọ̀ mí, ojú wọn tẹ̀ lé mi káàkiri yàrá, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò mú ohunkóhun jáde. Dókítà ní ọ̀rọ̀ lè padà, ó sì lè má padà, kí a máa bá wọn sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ bi í pé irú tẹ́lẹ̀ wo, ti ọjọ́ Ẹtì ni àbí ti kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Mi ò bi í.

Nítorí náà, ohun tí ìyá mi bá mi sọ gbẹ̀yìn ni "Ó dáa". Ohun tí èmi bá wọn sọ gbẹ̀yìn, mo ti kọ ọ́ sókè. Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí ìyá mi sọ̀rọ̀, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí jì mí.

Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, opó tó ń gbé ní Ayépé, kó wá sọ́dọ̀ ìyá mi láti máa tọ́jú wọn. Èmi ń lọ ní gbogbo ọjọ́rú tí mo bá jáde níléèwé, àti ní gbogbo Sátidé. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fi òróró pa ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ràn, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ọjà, nípa òjò, nípa ẹni tó bímọ. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo máa ń mú un dé ẹnu, màá tún gbé e mì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ orúkọ ìyá mi sínú ìwé àdúrà. Mo ṣe ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá la ẹnu wọn, màá jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ. Mo ti ń to ẹ̀rí náà lọ́kàn pàápàá. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ lójijì, kí wọ́n dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n pè mí lórúkọ, kí wọ́n ní, "Mo ti dárí jì ọ́." Olùkọ́ ni mí, mo fẹ́ kí ìdáhùn pé.

Ìyá mi kò fi ìrun sílẹ̀. Wọ́n ń jókòó kí i, wọ́n sì ń fi ọwọ́ òsì ka tẹ̀sùbáà, torí pé ọ̀tún kò ṣeé gbé. Èyí dà mí láàmú, èmi tí kì í ṣe Mùsùlùmí mọ́. Mo bi ààfáà tó máa ń wá ṣe àdúà fún wọn bóyá kò burú láti máa fi òsì ka orúkọ Ọlọ́hun. Àgbàlagbà ni, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó wo ìyá mi, ó wò mí, ó ní, "Ọlọ́hun mọ apá tó kù." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà ẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń rántí àwọn nǹkan míì tí mi ò kà sí nígbà náà. Awakọ̀ kan wà ní gáréèjì Odogbolu tó máa ń fi àyè iwájú sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́rú, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, torí ó rí i pé mo máa ń gbé ṣágo omi àgbo dání. Ìyá mi máa ń di etí bùláòsì mi mú tí mo bá ń wẹ ẹ̀yìn wọn, bí ọmọdé ṣe ń di ti ìyá rẹ̀ mú lọ́jà. Àbúrò mi máa ń bá wọn ṣàwàdà bí ẹni pé wọ́n ń dá a lóhùn. Á bi wọ́n ní nǹkan, á dá ara ẹ̀ lóhùn, á tún bá ìdáhùn náà jiyàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ìdajì ojú ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Èmi kàn ń wo aago. Mi ò pe ọ̀kankan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ní àánú. Ohùn ni mo ń dúró dè.

Ọdún yí po. Ewùrà tuntun mìíràn dé. Ẹnì kan láti oko ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ gbé mẹ́ta wá fún ìyá mi, ó kó wọn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi lọ síbi ìkómọjáde ní Ayépé, ó ku èmi àti ìyá mi nílé. Wọn ò fẹ́ jẹun láàárọ̀. Mo fún wọn ní ẹ̀kọ, wọ́n yí ojú kúrò. Mo fún wọn ní búrẹ́dì inú tíì, wọ́n pa ẹnu dé. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wò.

Mo gbé àga wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ibi tí wọ́n ṣubú sí gan-an, torí kò sí ibòmíràn tí àga náà lè gbà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti se ìkọ́kọrẹ́ gbẹ̀yìn. Ará Èkìtì lọkọ mi, iyán àti ọkà là ń jẹ nílé wa. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọmọbìnrin kan tó kun ètè rẹ̀ dáadáa ló ń ṣàlàyé. Ó ní tí ewùrà bá ti wọnú ata tán, kí a rò ó pọ̀ dáadáa. Mo fi fóònù pamọ́ sẹ́yìn ike iyọ̀ kí ìyá mi má baà rí i.

Mo gbé epo kaná, mo da ata àti àlùbọ́sà sí i, mo fi ẹja gbígbẹ, edé àti pọ̀nmọ́ sí i, mo bu omi lé e. Mo jókòó ti ewùrà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín. Ó ń yún mi lọ́wọ́ títí dé ìgbúnwọ́. Ìyá mi ń wò mí.

Kò rọrùn láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò lè dáhùn. Ó máa ń fúyẹ́ díẹ̀ bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́. Mi ò gbé ojú sókè. Mo ní, "Màmá, ọjọ́ tẹ́ ẹ pè mí, tí mo ní kẹ́ ẹ má pè mí mọ́. Mò ń rò ó. Ojoojúmọ́ ni mò ń rò ó. Tí mo bá wà ní kíláàsì, mò ń rò ó. Tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń rò ó. Ká ní mo wá ni, èmi ni ǹ bá rin ewùrà ọjọ́ yẹn, ẹ ò bá jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ má bínú sí mi."

Mo sọ ọ́ tán, ilẹ̀ kò sì là. Ata ń hó. Mo dìde, mo gé ewùrà náà ní kókó kókó sínú ìkòkò títí ó fi tán. Mo ṣan ọwọ́. Mo mú orógùn tí ọkọ mi kò jẹ́ kó sinmi nílé wa, èyí tí mo ti gbé wá tipẹ́ láti Odogbolu pẹ̀lú ìkòkò mi láti máa fi se oúnjẹ wọn, mo sì tì í bọ inú ìkòkò.

"Má rò ó."

Ohùn náà wúwo, apá kan ẹnu ló ti jáde, ó ń han bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí fún ọdún kan. Mo yíjú. Mo ní, "Kí lẹ wí, Màmá?" Wọn ò tún un sọ. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀, wọ́n sì dá a padà sórí itan. Mi ò lè sọ bóyá èmi ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tàbí ìkòkò, torí orí ìkòkò ni èmi tẹ̀ sí.

Mo gbé orógùn sílẹ̀. Mo dé ìkòkò, mo dín iná gáàsì kù. Mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún ju bí mo ṣe sunkún lọ nígbà tí bàbá mi kú. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá mira, ohùn náà á tún sá lọ. Mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Àánú Ọlọ́hun ni, àánú Ọlọ́hun ni." Lẹ́tà ti ìyá mi ni mo lò, kì í ṣe tèmi.

Nígbà tí mo ṣí ìkòkò, kókó ewùrà náà ti dì, epo sì ti wọ̀ ọ́. Ká ní mo ti rò ó ni, ì bá ti dà bí ẹ̀kọ. Ìyá mi jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì tún ya ẹnu.

Mo pe àbúrò mi. Ariwo ìkómọjáde pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo pariwo pé, "Màmá sọ̀rọ̀!"

Ó ní, "Ẹ má ṣeré o, àǹtí! Kí ni wọ́n sọ?"

Mo ní, "Wọ́n ní kí n má rò ó."

Nígbà tó máa dáhùn, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Ọlọ́hun tóbi. Wọ́n ti ń wò yín bọ̀ láti ọjọ́ yìí. Dede wa la mọ̀ pé ẹ ti ń rò jù."

Mo ní, "Rárá, ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n ń sọ. Orógùn ló wà lọ́wọ́ mi."

Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Ìkọ́kọrẹ́." Ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo dúró ti fóònù náà lọ́wọ́. Ọgbọ̀n ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ọ̀rọ̀ kan lè ní ju ìtumọ̀ kan lọ, kí wọ́n wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. À ń rò ó nínú ìkòkò, à ń rò ó lọ́kàn, ohùn kan náà ni, lẹ́tà kan náà ni. Ohun tó wà níwájú ọ̀rọ̀ ìyá mi ni ẹ̀bẹ̀ mi. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni orógùn. Èmi ni mo sọ "mò ń rò ó" títí nínú kíṣìnì yẹn, mi ò sì gbọ́ ohun tí mo sọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kọ ọ́ sójú pátákó: *Má rò ó.* Mo ní kí àwọn ọmọ fún mi ní ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ni, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sí iwájú ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló sọ ọ́?" Mo ní kí wọ́n mú ìwé wọn, ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ní ìyá mi tí kò sọ̀rọ̀ fún ọdún kan ti sọ̀rọ̀. Ìjọ hó yè. Ìyá kan níwájú ní, "Kí ni wọ́n sọ?" Mo ní, "Wọ́n ní kí n má rò ó." Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Pásítọ̀ ní ká fi ìyìn fún Olúwa, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ níwọ̀nba. Mo padà lọ jókòó. Ojú tì mí díẹ̀, kì í ṣe fún ìyá mi, fún ara mi ni, fún gbogbo ẹ̀rí ńlá tí mo ti tò sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ń padà wá sí wọn lẹ́nu lẹ́yọ lẹ́yọ. Omi. Rárá. Ọlọ́hun. Ọjọ́ kan wà tí iná dé, tí wọ́n ń gbìyànjú láti sọ nǹkan, tí ó ń há. Mo ní, "Àánú ni, Màmá," wọ́n sì mi orí. Mi ò bá wọn jiyàn nípa ẹni tó ń sanwó iná.

Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ mọ̀. Mi ò lè purọ́, ó ń jẹ mí lọ́kàn. Ní Sátidé tó kọjá, mo tún se ìkọ́kọrẹ́, mi ò sì ti nǹkan kan bọ inú ìkòkò. Mo bu tiwọn sínú abọ́, mo bu tèmi, mo jókòó kọjú sí wọn. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ òsì bu oúnjẹ fúnra wọn báyìí. Mi ò tíì fọwọ́ kan tèmi. Mo ní, "Màmá, ọjọ́ tẹ́ ẹ ní kí n má rò ó. Ṣé ìkọ́kọrẹ́ lẹ̀ ń sọ ni, àbí ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀ yín lé lórí?"

Wọ́n dá oúnjẹ dúró. Wọ́n wò mí títí, bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá ń tún "ùwẹ" ṣe mọ́ wọn lẹ́nu. Mo rò pé wọn ò lè dáhùn, mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n fi sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Tíṣà."

Láti ọjọ́ Ẹtì yẹn, mi ò tíì gbọ́ ọ. Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n ti abọ́ mi sún mọ́ mi.

Wọ́n ní, "Jẹun."